Òróró Ewé Tíì Tí Ìjọ Kọ̀ Lọ́wọ́ Ìyá Wa, Rébecca Fálúyì (1921–1968)

Ìta-Ìjẹ̀bú lẹ́bàá Sakété ni a ti bí ìyá wa Rébecca ní ọdún 1921. Àgbẹ̀ ni Ògúnṣínà, bàbá wọn; àdín ni ìyá tó bí wọn ń ṣe. Wọn kò lọ sí ilé ìwé. Ní 1939 wọ́n fẹ́ Fálúyì ará Pobẹ̀, ẹni tó ń se sódàbì, ọtí ògógóró, tà. Fálúyì kú ní 1957. Lẹ́yìn náà ni ìyá wọ ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá, níbi tí ọtí ti jẹ́ èèwọ̀ pátápátá.

Ìyá ló ń ṣe òróró olóòórùn dídùn tí ìjọ fi ń gbàdúrà. Inú àdín ni wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ ewé tíì sí, wọ́n á sá a sóòrùn. Ṣùgbọ́n tó bá pẹ́, àdín á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, á borí ewé. Wọ́n gbìyànjú àtisè é nínú ìkòkò. Òórùn ewé bá ooru lọ, omi lásán ló kù. Ní 1961, ọdún kejì òmìnira, wọ́n gbé àgbá sódàbì ọkọ wọn jáde. Wọ́n to ewé sókè omi, wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Ooru gba inú ọ̀pá bàbà kọjá nínú omi tútù, ó sì ń kán sínú ìgò. Òróró léfòó, ó mọ́ gaara. Àgbá ni wọ́n fi eérú fọ̀. Wọn kò rántí ọ̀pá.

Alàgbà Séverin ṣí ìgò náà lójú gbogbo ìjọ, ó fi imú sí i, ó ní: “Ìyá Basile, ṣé ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run mutí yó ni?” Ìjọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà ni ìjọ bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn ìyá.

A kò ní torí òkú purọ́: òróró náà rùn sódàbì. Ìyá padà sílé, wọ́n se omi lásán nínú àgbá títí ooru fi fọ ọ̀pá mọ́, wọ́n sì ṣe òmíràn. Ewé nìkan ló ń rùn níbẹ̀. Alàgbà kò tilẹ̀ ṣí i. Ní gbogbo ìgbà ìkórè ni ìyá ń gbé òróró lọ, ẹnu ọ̀nà ni ìjọ sì ti ń dá wọn padà. Òun náà ni àwọn abiyamọ Pobẹ̀ ń fi pa ọmọ lára nígbà òjò.

Ìyá fi Basile, Eugénie àti Dominique sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Ìjọ ti ránṣẹ́ pé àwọn yóò wá kọrin níbi ìsìnkú, bí ẹbí bá lè sọ pé ìyá ronú pìwà dà kí wọ́n tó kú. Ìyá kò ronú pìwà dà. Àṣìṣe ni wọ́n ṣe, wọ́n sì tún un ṣe. Àwọn ọmọ ni yóò kọrin fún wọn, bí ohùn wọn ti wù kó rí.

Ẹ sùn re, ìyá. Níbi tí ẹ ń lọ, kí wọ́n gbà yín wọlé.