Tẹlifíṣọ̀n Tí O Rà fún Bàbá Rẹ

Àlàní ọmọ mi, mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Fàrídà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ló ń bá mi kọ ọ́. Ara mi le. Orúnkún bàbá rẹ ló tún wú.

O ra tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n lè máa wo bọ́ọ̀lù nílé. Àwọn ará àdúgbò wa, Hédzranawoé, ló ń wò ó, lórí ẹní ìkírun mi. Bàbá rẹ ṣì ń lọ sí pápá ìṣeré. Wọ́n ní, “Bí mo bá bú rẹfirí nílé, ta ni yóò gbọ́?” Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀.

Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Pè wọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí o ní kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù nílé. Bí wọn ò bá gbà, wá gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ, kí n ríbi kírun.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ tìrẹ. Bí a ti ń kọ èyí, bàbá rẹ ń bi Fàrídà léèrè ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù mìíràn tún máa wà ní pápá.

Ìyá rẹ.