Ẹ̀rọ Amúlégbóná Tí Ó Ń Sọ Èdè Japan

Ilé Kọkànlélọ́gbọ̀n,
Òpópónà Touwslagers,
Deventer.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2026.

Alága àti Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìpàdé Àdúgbò Wilgenhoek,
Deventer.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ ṢÍ YÀRÁ KẸRIN ÀTI KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ WA PADÀ KÍ ỌJỌ́ KẸRÌNLÁ OṢÙ KẸTA TÓ PÉ

1. Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́, tí ẹ kọ lẹ́tà sí ní ọjọ́ kejì oṣù yìí pé a kò gbọdọ̀ wọ ilé ìpàdé mọ́. Ẹ ní a mọ̀ọ́mọ̀ yí èdè ẹ̀rọ amúlégbóná ilé padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì fi àgádágodo ti kọ́bọ́ọ̀dù wa. Ẹ̀sùn kìíní ní òtítọ́ nínú. Ẹ̀sùn kejì kì í ṣe tiwa rárá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń kọ̀wé kí ìpàdé yín ti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta tó wáyé, nítorí bàbá arúgbó kan ní Japan ń retí wa ní ọjọ́ kẹrìnlá, ohun tí ó sì ń retí láti rí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ tì.

2. Ẹni mẹ́sàn-án ni wá. Ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti ń pàdé ní Yàrá Kẹrin ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tí a ń tún àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Japan ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ṣe. Ọ̀pọ̀ wa ló ra tirẹ̀ nígbà èwe, tí ìwé ìlò tó bá a wá sì jẹ́ èdè Japan láti páálí dé páálí. Èmi, ọmọ ogún ọdún nígbà náà, àwòrán inú rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, mo wá ń fi orí ara mi tẹ bọ́tìnì. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì mi lè kọrin. Ó dùn mí wọra. Ìyẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà.

3. A kò ní olùkọ́. Òfin kan ṣoṣo ni a ní: gbogbo ẹ̀rọ tó bá wà níkàáwọ́ ọmọ ẹgbẹ́, èdè Japan ni kó máa fi bá a sọ̀rọ̀. Fóònù, ẹ̀rọ ìfọṣọ, aago tí ń jí wa lójú oorun, títí kan ọkọ̀. Jelle Oosterveen tí ó jẹ́ alága wa fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́ràn sí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, Zwolle ló ń lọ, Apeldoorn ló ń bá ara rẹ̀. Lónìí, kò sí ẹni tó lè fi èdè Japan júwe ọ̀nà fún un kó ṣìnà. Mo mọ̀ pé àṣà yìí lè jọ ìwà wèrè lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára. Ibi tó ti mọ́ wa lára yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

4. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, olùtọ́jú ilé yín, Ọ̀gbẹ́ni Harm Nijenhuis, bẹ̀ wá kí a bá òun wo àpótí kékeré tí ń darí ẹ̀rọ amúlégbóná, nítorí aago inú rẹ̀ ti dàrú. Japan ni wọ́n ti ṣe àpótí náà. Èmi ni mo tún un ṣe, kò sì gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti yí i sí èdè Japan, bó ti máa ń ṣe sí ẹ̀rọ gbogbo, n kò sì rántí dá a padà. Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Nijenhuis gba ìsinmi lọ. Àṣìṣe mi ni, n kò sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni.

5. Ní Túsìdé, ogúnjọ́ oṣù kan náà, àwọn àgbàlagbà tó máa ń wá ta káàdì ṣeré níbẹ̀ ní gbogbo Túsìdé dé, wọ́n bá ilé ní dígírì mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó lè ka àpótí náà láti fi ooru kún un. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, ẹni tó kéré jù nínú wọn sì ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ìyáàfin Tonny Brinkhuis, olórí wọn, pè mí lórí fóònù. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí bí mo ṣe gbọ́ ọ: “Wietske, ṣé ìwọ lo sọ ilé yìí di Japan? Ọwọ́ mi ti gan, mi ò lè pín káàdì, àpótí yín wá ń ya ẹsẹ̀ adìyẹ sí mi lójú!” Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ń bọ̀. Wọ́n ní: “Má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Gun kẹ̀kẹ́ ẹ, kó o máa bọ̀!”

Ìṣẹ́jú méjìlá ni mo fi débẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé yẹn kì í tètè gbóná. Mo po kọfí fún wọn, bí wọ́n sì ṣe ń dúró pẹ̀lú kóòtù àti ìbọ̀wọ́, wọ́n ń bi mí ní ohun tí wọ́n kọ sára àpótí. Mo kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin: gbígbóná, títutù, fi kún un, dín in kù. Kí n tó lọ, mo dá àpótí náà padà sí èdè wa níṣojú gbogbo wọn.

6. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Nijenhuis dé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, èdè Japan ló tún bá. Wọ́n pè mí: “Ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Wietske? Ilé tí mò ń tọ́jú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mi ò wá lè ka ẹ̀rọ ibẹ̀ mọ́!” N kò bá wọn wí, ta ni kò ní bínú? Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wa tó dé ilé náà ní Sátidé tó ṣáájú. Ibi ọjà kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní Zwolle ni gbogbo wa wà, mo sì so ìwé ìwọlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ kò bi wá léèrè kí ẹ tó dájọ́. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ẹ̀yin Ọ̀gá. Ẹ kò tíì mọ ìka náà tí ẹ fi gé gbogbo ọwọ́.

7. Ìka náà ti fara hàn. Ní Tọ́sìdé tó kọjá, Ìyáàfin Brinkhuis wá sí ilé mi pẹ̀lú ìwé kan. Wọ́n ní: “Àwa ni. Bó o ṣe lọ tán ní Túsìdé yẹn la tún yí i sí ti Japan. Harm máa ń dín in kù sí méjìdínlógún, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tó bá ti wà ní Japan, kò mọ ibi tó máa tẹ̀. Àwa mọ̀ ọ́n.” Mo béèrè bí wọ́n ṣe mọ ibi tí a ti ń yí èdè padà. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin: “Ṣebí ojú wa lo ṣe dá a padà? Arúgbó la jẹ́, a ò fọ́jú.” Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Ìwé wọn wà nínú àpò ìwé yìí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló fọwọ́ sí i, oníkálukú sì kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè wa, ó tún wò ó lórí fóònù kọ ọ́ ní ti Japan sábẹ́. Wọ́n ní bí ẹ bá máa lé ẹnikẹ́ni, kí ẹ ti orí àwọn bẹ̀rẹ̀.

8. Ní ti bàbá tí mo mẹ́nu bà, Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi Tadao ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ní ìlú Niigata. Ní ọdún 1986, òun nìkan ló jókòó kọ géèmù ọkọ̀ ojú omi kan. Díìsìkì géèmù náà kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Bàbá fúnra wọn kò ní in mọ́. Sátidé márùn-ún la fi kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí wọn ní èdè Japan. Èsì tí wọ́n kọ rèé: “Ojú mi ń ṣú lọ. Mo rò pé kò sẹ́ni tó rántí ọkọ̀ yẹn mọ́. Mo fẹ́ rí i kó gbéra ní èbúté lẹ́ẹ̀kan sí i.” A ti fi àdéhùn sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwa, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn, kí a fi ìpè fídíò fi géèmù náà hàn wọ́n láti Yàrá Kẹrin.

9. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ fagi lé ìdájọ́ yín, kí ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Èmi yóò dá àpótí náà padà sí èdè wa níwájú Ọ̀gbẹ́ni Nijenhuis, n kò sì tún ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan nínú ilé náà láìsí àṣẹ wọn. A tún bẹ̀ yín kí ẹ fún àwọn àgbà ní ogún dígírì ní ọjọ́ Túsìdé. Ẹni tó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, tó kọ́ èdè àjèjì nítorí kí ara rẹ̀ lè móoru, ó tọ́ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ti kọ̀wé pé láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ làwọn yóò ti jókòó síwájú ẹ̀rọ, nínú aṣọ tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn. Bí ẹ bá kọ̀, èmi akọ̀wé ni yóò kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n dìde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa lò nínú lẹ́tà yẹn ni mo ti mọ̀ ní èdè Japan. N kò fẹ́ lo ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á délẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń retí kọ́kọ́rọ́,

Wietske Haverkort,
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́.