Ẹnubodè Tó Ṣí fún Àkànní

Bọ̀dá Muadh,

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Yábàá. Tó bá ti lu aago méjìlá ọ̀sán, wọn ò ní gba ìwé kankan mọ́ níbi ìdíje náà, èmi ò sì lo ọdún kan àbọ̀ lórí ìtàn yìí kí n wá pẹ́ dé.

Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ mo kà á láàárọ̀ yìí. Ẹnubodè ìlú àwọn iwin, tó yẹ kó ṣí nígbà tí ìyá àgbà bá ki Àṣàkẹ́, Àkànní ló ń ṣí fún! Ta ló ń jẹ́ Àkànní nílé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin? Odidi ojú ewé mẹ́ta ni ìyá àgbà fi kì yín: "Adúmáadán, eléyín funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú." Àṣàkẹ́ wá dúró síta bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá iwin méje jà kó tó débẹ̀.

Mo ti tún un tẹ̀. Ẹ má pè mí, mi ò ní gbé e.

Ẹ̀wà wà nínú kúlà, ẹ ṣẹ́ ti Màámi kù. Ẹ má bínú pé mo wọ bàtà funfun yín, tèmi ló já.

Mi ò lé Àkànní kúrò nínú ìwé ṣá. Òun ni ẹṣin tí Àṣàkẹ́ gùn wọ̀lú. Eyín rẹ̀ ṣì funfun.

Mujeebah