Yìnyín Tó Yọ́ Kó Tó Délẹ̀

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní àwọ̀n jíjù,

Ara mi ò balẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ẹ kúkú mọ̀ pé mi ò kàwé. Ó ní kí n máa rọra sọ ọ́. Mi ò lè rọra lónìí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹ ti kú kó tó di ẹni tó ń wa bàálù. Bàálù kékeré ni, ti ọ̀gá kan tó rà á nígbà tí owó epo ń ṣàn. Owó ti gbẹ, ọ̀gá ṣì ń fò. Rọ́bà kan wà létí ìyẹ́ bàálù náà tó máa ń wú láti fọ́ yìnyín dànù. Ó ti ya, ọ̀gá ò pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń lọ sí Òkè Ọya. Wọ́n wọ inú ìkùukùu òjò lókè réré, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Mo rò pé ìwúwo rẹ̀ nìkan ló léwu. Rárá o. Ṣé ẹ rántí àjẹ̀ tí koríko ọ̀sà bá wé mọ́? Èèyàn á wà á títí, kò ní gé omi. Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ náà ṣe rí: ẹ́ńjìnnì ń ké, bàálù ń rì.

Ọmọ mi yí padà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sínú ooru, yìnyín yọ́ dànù. Nígbà tí wọ́n fi balẹ̀, ìyẹ́ ti gbẹ. Ọ̀gá tó ti ń sùn lẹ́yìn fọwọ́ pa á, kò rí nǹkan kan. Ó pe ọmọ mi ní ojo àti òpùrọ́. Ní Àjàrá níbí náà, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín: "Yìnyín! Nínú oòrùn Àgbádárìgì yìí! Kí ló dé tí kò bù díẹ̀ wá fún wa ká fi mumi?"

Ọ̀gá ti ránṣẹ́. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́la. Ó ní bí ọmọ mi ò bá ní yí padà mọ́, kó wá. Ọmọ ò tíì fèsì. Kò jẹun. Ìyá rẹ̀ ì bá mọ ohun tó máa sọ. Ọ̀dọ̀ yín ló wà báyìí, ẹ bá mi bi í. Èmi ò ní omijé kankan tó kù.

Àárọ̀ yìí ni mo rántí ẹja ẹni tó padà. Láyé yín, bí ọkọ̀ kan bá ti ojú òkun padà lófìfo, gbogbo ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á ju ẹja kọ̀ọ̀kan sínú agbọ̀n rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ohun tó rí. Ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ kì í padà sókun àfi bí ìgbì bá rọlẹ̀. Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́ rí. Orí ẹja lẹ máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ sétí òkun, mo ní kí wọ́n fún ọmọ mi ní ẹja ẹni tó padà. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja rẹ́rìn-ín: "Bàbá, òkun wo lọmọ yín lọ?"

"Èyí tó wà lókè orí ẹ. Mú ẹja wá."

Ó mú un wá. Ọmọbìnrin mi ti sè é, mo ti gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá, ṣé ó mọ ohun tí ẹja yẹn jẹ́? Ẹ kọ́ mi. Ṣé èmi náà kọ́ ọmọ mi? Mi ò rántí mọ́.

Dúró ná, ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ ń pè ọ́. Kí ló ń béèrè? Ata?

Kọ ìyẹn sílẹ̀ fún bàbá mi. Mo ti yọjú wò ó. Orí ẹja ló fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ọmọ yín, tí ojú rẹ̀ ò tíì kúrò lókè.