Bí Mo Ṣe Gbèjà Àwọn Ọmọ Búrẹ́dì

Tegid ọmọ mi,

Èmi ni o! Ẹni tí wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ títí gbogbo gbọ̀ngàn ilé ìwé fi pàtẹ́wọ́, baba rẹ ni, kì í ṣe Gwilym mìíràn. Tí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ ní Cardiff pé mo gbayì, má bá a jiyàn. Tí wọ́n bá ní mo gun orí àga, irọ́ ni, ẹsẹ̀ kan péré ni mo gbé lé e.

Ìyá rẹ ti yọjú wo ohun tí mò ń kọ, ó ní ṣé bí èèyàn ṣe ń kọ lẹ́tà nìyí, bí ẹni tí ajá ń lé, ṣé mi ò ní kọ́kọ́ kí ọmọ ni? Ó dáa. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Rhodri náà wà? Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òjò Cardiff pa yín sójú ọ̀nà, ọ̀gá yín ò ní rí ẹ̀sùn kà sí yín lẹ́sẹ̀, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Gbogbo wa ní Cwm Helyg la wà dáadáa. Màmá àgbà ṣì ń gun òkè lọ sí ilé ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi láìmú ọ̀pá. Àgùntàn olójú kan yẹn tún já wọ ọgbà kábéèjì pásítọ̀. Ògiri òkúta tó wó lókè lọ́hùn-ún, tí èèyàn méjì máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta tò, èmi nìkan tò ó láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì tún rí àyè mu tíì. Ọdún méjìdínlógójì ni mo wà yìí o, àwọn tó ń kọjá ṣì ń rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí.

Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀: ohun tó o sọ fún èmi àti ìyá rẹ nígbà Kérésìmesì, pé Rhodri kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ jọ ń san owó ilé lásán, pé olólùfẹ́ rẹ ni, tó o wá bẹ̀ wá pé ká má tíì sọ fún Màmá àgbà, pé ẹnu ara rẹ lo fẹ́ fi sọ ọ́ fún wọn, mi ò gbàgbé o. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi gbé e sínú. Ìwọ náà mọ̀ mí, bí ewúrẹ́ ará ilé kejì bá wú ikọ́, kí n tó dé ìsàlẹ̀ òkè mo ti sọ fún èèyàn mẹ́rin. Àmọ́ tìẹ yìí, mo gbé e bí ẹyin. A máa dé ibẹ̀.

Míísì Parri, ọ̀gá ilé ìwé, ló kọ ìwé sí gbogbo òbí. Wọ́n ní àwọn ọmọ kíláàsì àgbà máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtàn àwọn ọkùnrin tó fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn àti àwọn obìnrin tó fẹ́ obìnrin, pé láti abúlé wa níbí ni wọ́n sì ti máa bẹ̀rẹ̀, lórí Idwal àti Bryn, Àwọn Ọmọ Búrẹ́dì. Áà, ilé gbóná! Ta ni ò mọ Àwọn Ọmọ Búrẹ́dì? Ìwọ náà gbọ́ ọ nígbà tó o kéré, bí yìnyín ṣe dí ọ̀nà pa, tí wọ́n gbé búrẹ́dì lé orí pátákó, tí wọ́n ń fà á láti ilé dé ilé. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jọ gbé òkè ilé búrẹ́dì yẹn. Ohun tí wọn ò sọ fún ọmọdé ni pé ọlọ́pàá wá mú Idwal, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án nítorí òun àti Bryn. Abúlé ní ó lọ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Idwal tí ẹ̀rù odò tó dé orúnkún ń bà! Nígbà tó dé, wọ́n kí i kú àbọ̀ láti òkun, wọ́n ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ mọ́. Àwọn lẹ́tà tó kọ sí Bryn láti ẹ̀wọ̀n wà nínú agolo bisikíìtì kan, ìyẹn ló bọ́ sọ́wọ́ Míísì Parri.

Bí a ṣe pín sí méjì nìyẹn. Ní ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran, o máa rí i tí àwọn kan dúró lápá ọ̀tún, àwọn kan lápá òsì, ẹran kan náà la sì fẹ́ rà. Eurof tí a jọ dàgbà, tó ń bá mi mu bíà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní ìdajì. Á ní “ẹ kú”, á dákẹ́ síbẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ ìpàdé tí ilé ìwé pè lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù lórí fóònù. Mo jókòó tì í. Wọ́n bi mí pé kí ni àjọṣe mi pẹ̀lú ilé ìwé. Mo kọ òtítọ́ síbẹ̀, mo ní kò dán mọ́rán, mo fi í sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tíṣà ìṣirò sì ra àkàrà òyìnbó fún gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ tí mo lọ. Wọ́n tún ní kí n fọwọ́ sí i pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Inú bí mi. Mo ní kí ni Eurof lọ sọ fún wọn nípa mi? Wọ́n tún kó fọ́tò sílẹ̀, pé kí n tọ́ka ibi tí iná tó ń dá mọ́tò dúró wà. Iná wo? Ní Cwm Helyg? Àgùntàn ló ń dá mọ́tò dúró níbí! Ìdajì wákàtí ni mo fi ń ṣàlàyé fún fóònù kó tó gbà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ibẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Eurof ló kọ́kọ́ dìde, má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní òun ò kórìíra ẹnikẹ́ni, bàbá òun ló gbé òkú Bryn. Àmọ́ ó ní àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí dákẹ́ títí wọ́n fi wọ ilẹ̀, abúlé sì bá wọn dákẹ́, ìyẹn ni ẹ̀bùn tí a fún wọn. Ta ló wá bi wọ́n báyìí kí a tó gbé ọ̀rọ̀ wọn fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá? Ó ní òkú ò lè sọ pé rárá. Míísì Parri fèsì pé ìtàn tí àwọn ọmọ ń kọ́ báyìí, irọ́ ni, pé Idwal ò lọ sí òkun kankan, àti pé ọmọ kan máa ń wà nínú kíláàsì tó ń rò pé irú òun ò sí rí ní abúlé yìí. Obìnrin kan lẹ́yìn ní ẹ kọ́ wọn ní ìṣirò ná. Ẹlòmíràn ní ìyá ẹ, ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n? Ariwo ta.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní Eurof, ọ̀rẹ́ mi, o ní wọ́n fẹ́ kó wà ní ìkọ̀kọ̀. Kí ni iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí? Ó ní búrẹ́dì. Mo ní kí ló wà nílé ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì? Mo ní ààrò! Ààrò ńlá, iná ń jó nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogójì ọdún. Tí wọn ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà yẹn láéláé, ta ló dí wọn lọ́wọ́ láti jù ú síná? Ẹni tó bá fi ìwé pa mọ́ sínú agolo tí omi ò lè wọ̀, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń dúró de ẹni tó máa kà á ni! Tegid, ibẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Eurof fúnra rẹ̀ fi ìka méjì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ìwé dìbò, méje ní kí wọ́n kọ́ ọ, mẹ́ta ní rárá. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Èmi tí wọn ò jẹ́ kí n ṣe ìdánwò ìtàn o!

Ó dáa. Ó ku ibì kan.

Nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí wọn ò gbọ́ èdè Wélṣì, ìjọba rán ògbifọ̀ kan wá, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan. Igun ló jókòó sí pẹ̀lú máìkì kékeré lẹ́nu, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ bo etí bí awakọ̀ bààlúù. Èmi rò pé wọ́n ń gbọ́ bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àga tó kù wà, mo bá jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ariwo yẹn rọlẹ̀, tó kàn mí, mo tẹ̀ sí i létí, mo ní arábìnrin, jọ̀ọ́, bá mi túmọ̀ tèmi dáadáa, má jẹ́ kó gbẹ, torí ọmọ mi Tegid ni mò ń sọ̀rọ̀ fún, òun àti Rhodri rẹ̀ ní Cardiff, àmọ́ má sọ fún ẹnì kan o, ìyá mi ò tíì mọ̀. Ojú rẹ̀ wà ní dídì. Àṣé bí ọlọ ni àwọn ògbifọ̀ rí, ohun tó bá ti wọ etí wọn, lílọ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́. Ó ti parí gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó la ojú, títí dórí “má sọ fún ẹnì kan”. Èèyàn mẹ́tàlélógún yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé kóòtù tí mo wọ̀ ni wọ́n ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá àgbà lọ ra sítáǹbù ní pósófíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Prentice, Gẹ̀ẹ́sì tó ra ilé ìsìn àtijọ́, bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní inú òun dùn nípa ọmọ-ọmọ wọn àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀. Kò ní in lérò burúkú. Wọ́n wọlé, wọn ò bọ́ fìlà, wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n jókòó. Wọ́n wá ní ọmọ tí òun fi Wélṣì rẹ̀ lẹ́kún láti ìkókó, Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, lórí ìlà àwọn tó fẹ́ ra sítáǹbù. Kò sí ohun mìíràn tó dùn wọ́n. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá gbọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní pósófíìsì, òun ò kà á sí gbígbọ́, pé òun ò mọ nǹkan kan títí ìwọ á fi wá sọ ọ́. Wọ́n ti ní kí n gbé àga wọn sún mọ́ fóònù.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi ogójì pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí mi, kí n fi san owó ọkọ̀ ojú irin ìwọ àti Rhodri wálé. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo san án. Má gba ti báǹkì o, ẹ̀rọ ibẹ̀ bi mí ní orúkọ bàbá tó bí ìyá mi, mo ní kí ló kàn án, ó sì ti àkáǹtì mi pa. Fi í sínú àpòòwé.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Oúnjẹ ò ní wọ́n yín, ilé ò ní lé yín, ẹ ó pẹ́ fún ara yín ju ogójì ọdún lọ. Gbogbo nǹkan ló lọ dáadáa, ẹ̀yọ kan ló bàjẹ́: o wà láàyè, o ní fóònù, èmi Gwilym baba rẹ ò sì bi ọ́ kí n tó la ẹnu.