Làálì Ọwọ́ Morufat

Àlàmísì, 10 October, 1985
Lọ́yà mi tún gbé ọ̀rọ̀ ìbò dé — Morufat, ọmọ mi, lọ́yà tí kò dé ilé-ẹjọ́ rí. Òun àti Catherine ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ láti ṣọ́ àpótí ìbò ní ilé-ìwé tó wà ní Slipway, àdúgbò wa níbí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ṣe é. Mo ní àpótí kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí mò ń jókòó lé tí mo bá ń lé làálì fún ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé òfin tuntun sọ pé ìbò ló ń yan ìjọba, kì í ṣe ìbọn. Mo ní àlejò ni wá ní ilẹ̀ onílẹ̀ yìí. Ó ní èmi ni àlejò; ilẹ̀ yìí ni wọ́n sin bàbá òun sí.
Ó dùn mí. Òótọ́ ni sá.

Sọ́ńdè, 13 October
Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì Morufat pẹ̀lú Ràímì. Mo lé làálì rẹ̀ lónìí, ọwọ́ àtẹsẹ̀. Èékánná dúdú kirikiri, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Inú mi dùn.
Mo ní kí Catherine náà mú ọwọ́ wá. Ẹlẹ́rìn-ín ni mò ń pè é, torí kò mọ ìbànújẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ fọ ìrẹsì tí àwọn olùṣọ́ ìbò máa jẹ. “Old Ma, leave my own till Wednesday, yah.” Mo bo ìyókù inú àwo mọ́lẹ̀ dè é.

Àtàláátà, 15 October
Ọjọ́ ìbò. Ìlà gùn dé etí odò. Kò tíì dọ̀sán tí Morufat sunkún wọlé.
Ẹni tó bá ti dìbò, yíǹkì ni wọ́n ń fi sàmì sí àtàǹpàkò rẹ̀. Ọ̀gá ìdí tábìlì wo ọwọ́ ọmọ mi, ó ní ó ti dìbò níbòmíràn, olè ni. Morufat ṣàlàyé títí pé làálì ìyàwó ni. Wọ́n lé e jáde. Catherine nìkan ló kù nídìí àpótí.
Morufat fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á. Làálì tí èmi bá lé, ṣé ó ń ṣí? Ó ní, “Màámi, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”
N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọlọ́run gbọ́.

Àlàrùba, 16 October
Sọ́jà wọ ilé-ìwé nírọ̀lẹ́ àná, bí wọ́n ṣe ń ka ìbò lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn olùṣọ́ jáde. Catherine di àpótí mú, kò dìde. Wọ́n gbé òun àti àpótí sínú ọkọ̀. Kò tíì wálé.

Jímọ̀, 18 October
Kò sí yìgì. Ràímì wá láti Old Road, ó ní kí a sún un síwájú títí Catherine yóò fi dé. Ọmọ dáadáa.

Àlàmísì, 24 October
Kò sí ìròyìn. Làálì inú àwo ti gbẹ. N kò lè dà á nù.

Sọ́ńdè, 27 October
Ìyá Catherine wá. Kò jókòó. “Your own inside the house. My own, where she?” Ó ní mo fi làálì gbé ọmọ tèmi pamọ́, mo sì fi tòun sílẹ̀ fún wọn. Morufat tó ti ka ẹ̀sùn yẹn sí mi lọ́rùn ló wá ń gbèjà mi — pé ìyá òun kò mọ̀. N kò lè búra sí i.
N kò mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá lé e dé ìgbọ̀nwọ́.

Mọ́ńdè, 28 October
Àwọn obìnrin Slipway ń lọ jókòó sẹ́nu géètì bárékè títí wọn yóò fi sọ ibi tí Catherine wà. Morufat ti ń wọ bàtà. N kò dá a dúró.
Ìyá Catherine ò wo ojú mi. Mo tò sẹ́yìn wọn. Mo gbé àpótí mi dání.