Ọ̀bẹ Tí Ẹ Ní Kí N Ṣẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru ẹwìrì àgbẹ̀dẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ikọ́ yín ti ń rọlẹ̀, àti pé orúnkún Màmá kò yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ara èmi náà le.

Oṣù kejì rèé tí mo dé ilé-ìwé yìí, n kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni nínú ilé tí mo ń gbé sọ̀rọ̀ kọjá “ẹ káàárọ̀.” Adákẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ojú àti etí ni mo fi ń bá wọn gbé.

Ní Sátidé, gbogbo ayálégbé wà nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀gbọ́n Sójà, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, ń pọ́n ọ̀bẹ, nítorí wọ́n tún ń lọ ojú ogun ní ìparí oṣù. “Ọ̀bẹ yìí ni ìyá mi kejì,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí ọkọ̀ wa dojú dé sínú odò, tí omi ti dé àgbọ̀n wa, òun ni mo fi gé bẹ́líìtì ìjókòó lára èmi àti àwọn mẹ́ta.” Ìyá aránṣọ inú ilé wa ní, “Ẹ ò kúkú gbé e níyàwó!”

Mo wo èèkù rẹ̀. Mo dá a mọ̀.

Bàbá, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ẹ fi òòlù gbá ọ̀bẹ tuntun kan, ó dún bí ìkòkò tó sán, ẹ sì ní kí n ṣẹ́ ẹ kí n dá a padà sínú iná. N kò ṣẹ́ ẹ. Ó ń dán, ó ṣe mí láàánú. Mo fi èèkù àlòkù kan tí ẹyín iná ti jó létí sí i. Ẹ lọ jẹun, sójà kan tó ń kọjá lọ béèrè ọ̀bẹ, mo sì fún un. Mo sọ fún un pé èmi ni mo rọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ ìròyìn ogun, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Bí mo bá dákẹ́ ní Sátidé yẹn, Ẹ̀gbọ́n Sójà yóò tún gbé e lọ ojú ogun. Mo bá sún mọ́ wọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e lọ. Ó ti sán nínú.”

Ìyá aránṣọ pariwo: “Adákẹ́ sọ̀rọ̀! Ẹ ká aṣọ yín o, òjò ń bọ̀!”

Ẹ̀gbọ́n Sójà ò rẹ́rìn-ín. “Sán bí i ti báwo? Ọ̀bẹ ọdún mẹ́sàn-án!” Wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá etí kọnkéré láti fi hàn mí. Bàbá, ó ṣẹ́ sí méjì.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń retí ìgbájú. Ẹ̀gbọ́n Sójà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n wo irin náà títí, wọ́n wá ní, “Èyí tí bàbá rẹ ní kó o sọ nù ló yọ ẹni mẹ́rin nínú omi. Èyí tí bàbá rẹ fúnra wọn bá fọwọ́ sí ńkọ́?”

Wọ́n bẹ̀ yín pé kí ẹ da irin yìí pọ̀ mọ́ òmíràn, kí ẹ rọ ọ̀bẹ fún àwọn kí oṣù tó parí. Ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọ ọ́.

Iná àgbẹ̀dẹ yín kò ní kú, apá yín kò ní rọ, ẹ ó jẹ èrè wa kalẹ́.

Èmi ni,
Àbígbẹ̀yìn yín tí ojú ń tì.

Mo tún rántí: Ẹ rọra tú ìdì tó bá lẹ́tà yìí wá, ẹnu irin náà ṣì mú, ó ti gé mi níka. Abala iwájú nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n Sójà títí, wọn ò jẹ́ kí èèkù kúrò lọ́wọ́ wọn.